Bí Ìyá Dámọ́lá Ṣe Pín Ẹrù Ilé Rẹ̀

Ọdún tí Dorcas Èṣùbíyì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni dókítà sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ti wú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo jókòó síwájú ilé mi, mo ń gbọ́ ìròyìn nínú rédíò, ni mo rí i tó dúró lẹ́yìn ògiri kúkúrú tó wà láàárín ilé wa méjèèjì.

"Bàbá Sùmáyà, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ ṣì ní irú bébà gígùn tí ẹ fi ń kọ̀wé ní kóòtù?"

"Mo ní in. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ pín ẹrù ilé mi ni."

"Ta ló kú?"

"Èmi ni mo ń kú lọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ lọ ra iyọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Hakeem Àjàgbé ni orúkọ mi, Sùmáyà sì ni ọmọ mi àgbà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé tí mo kọ́ sí Mayfair ní Ifẹ̀ ló kángun sí ilé tí Dorcas háyà yàrá méjì àti pálọ̀ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Dorcas ní àdúgbò wa. Ìyá Dámọ́lá ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí Adédàmọ́lá ni àkọ́bí rẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ṣùgbọ́n a kì í fi "ìwọ" bá ara wa sọ̀rọ̀.

Aláṣè ni, ní ilé ìwé girama kan tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé inú rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi dáná níbẹ̀, igi ni wọ́n sì fi ń dáná láti ọjọ́ tó wọṣẹ́ títí di ọjọ́ tó kúrò. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, iná jó ilé tí ọkọ náà kọ́, pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Dorcas sá jáde pẹ̀lú ọmọ méjì, àpò ìwé ẹ̀rí kan, àti ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná lọ́jọ́ náà. Ó máa ń sọ pé títí di òní òun kò mọ ìdí tí òun fi gbé ìkòkò ọbẹ̀. Ọkọ náà kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Kò ṣàìsàn kan pàtó. Ó kàn ń joro ni, títí ó fi kú.

Nítorí náà, gbogbo ohun tó wà nínú yàrá méjì àti pálọ̀ yẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni Dorcas rà á lẹ́yìn ogun. Ó mọ ọdún tó ra abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ẹni tó bá a gbé àga wọlé, ó mọ bóyá òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò ní ilé, kò ní ilẹ̀, kò ní mọ́tò. Ẹrù ilé nìkan ló ní tó lè fi sílẹ̀ fún ọmọ.

"Ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, iná ló jó gbogbo rẹ̀," ó sọ fún mi láàárọ̀ yẹn. "Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi lè nawọ́ sí nǹkan kan kí wọ́n ní, ti ìyá wa nìyí."

Mo wọlé lọ mú bébà àti bírò. Mo ti kọ ìwé ìhágún fún ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ní ilé márùn-ún, àwọn tó ní oko kòkó tó lọ salalu. N kò tíì rí ẹnìkan tó mú mi káàkiri ilé láti kọ orúkọ ṣíbí sílẹ̀.

Yàrá la ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ fọwọ́ lé. Igi ìrókò ni. Káfíńtà kan ní Ẹdúnabọ̀n, ìlú tí wọ́n ti bí i, ló bá a kàn án. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, àfìgbà tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn sílẹ̀.

"Ti Dámọ́lá nìyí," ó ní. "Ọmọkùnrin yẹn ga. Ibi tó ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ síta ni."

Mo kọ ọ́: bẹ́ẹ̀dì igi ìrókò kan, fún Adédàmọ́lá. Ẹ̀rọ ìránṣọ, fún Ìyìnolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Àpótí aṣọ, fún Ìyìnolúwa pẹ̀lú. Ó ṣí àpótí náà kí n lè rí ohun tí mo ń kọ. Aṣọ sányán kan wà nísàlẹ̀ tí kò tíì ró rí. Ó ní ọjọ́ ìgbéyàwó Ìyìn ni òun rà á dè. Abọ́ tánganran méjìlá tó ní ìdérí, fún Ìyìnolúwa. Ìkòkò ńlá tó lè se ìrẹsì ọgọ́ta èèyàn, fún Ìyìnolúwa. Odó, ìkòkò irin, aago ara ògiri àti ìró méjì, fún Ọmọ́ṣaléwá, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ẹdúnabọ̀n.

Ibi fìríìjì ni ọ̀rọ̀ ti há.

"Ẹ kọ ọ́ fún Dámọ́lá. Rárá, ẹ dúró. Ìyìn fẹ́ràn omi tútù. Ẹ kọ ọ́ fún Ìyìn." Ó ronú díẹ̀. "Ṣé kí wọ́n kúkú jọ máa lò ó?"

"Ìyá Dámọ́lá, fìríìjì kan ò lè wà nínú ilé méjì. Irú èyí ló ń gbé àwọn ọmọ ìyá wá sí kóòtù."

Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ara fìríìjì náà, bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀. "Ẹ fún Dámọ́lá. Òun ló máa kọ́kọ́ fẹ́yàwó."

Bàbá Adéagbo, onílé rẹ̀, fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, èmi náà fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó ní kí n wá kà á sí wọn létí. Dámọ́lá, oníṣẹ́ iná mànàmáná tó ń gbé yàrá kan nítòsí Enuwa, rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹ ìrẹsì wa. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ò tiẹ̀ lè wọ yàrá mi. Níbo lẹ tún ń lọ?"

Ìyìn kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde lọ sí ilé ìdáná, ó ṣí omi, ó ń fọ abọ́ tí wọ́n ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Dámọ́lá kò kú. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń mí gúlegúle bó bá rìn dé ìta gbangba, ṣùgbọ́n kò kú. Ní ọdún kẹta ni ibà kọlu Dámọ́lá. Ó ra oògùn lọ́dọ̀ ẹlẹ́gbòogi, ó lọ síbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ kẹfà ló kú, ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kò tíì gbéyàwó, kò tíì bímọ.

Wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ wa nìyẹn, òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ jókòó tì í nínú pálọ̀ títí àwa ọkùnrin fi dé. Nígbà tó rí iyẹ̀pẹ̀ lára bàtà mi, ó gbé ojú kúrò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò akẹ́rù kékeré kan dúró síwájú ilé rẹ̀. Onílé Dámọ́lá fẹ́ gba yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ti kó ẹrù inú rẹ̀ ránṣẹ́. Fóòmù kan, sílíńdà gáàsì, ìkòkò méjì, fáànù, bàtà mẹ́rin, àpò irinṣẹ́. Mo jáde lọ bá wọn. Awakọ̀ náà, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, ti sọ okùn kalẹ̀.

"Màmá, níbo ni ká kó wọn sí?"

Ìyá Dámọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ náà tún bi í. Ó wá wò mí.

"Bàbá Sùmáyà, èmi kọ́ ló yẹ kó gba èyí. Ṣebí ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹrù ti máa kúrò lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Mo ti rí àwọn ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n fa fìlà bàbá wọn ya mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú ọgbà kóòtù. Mo ti rí ìyàwó tí wọ́n lé jáde pẹ̀lú àpò kan. Gbogbo ìyẹn, mo mọ ohun tí òfin sọ sí i. Ti èyí, n kò mọ̀ ọ́n.

Níkẹyìn ó ní kí wọ́n kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fóòmù náà kò gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé e dúró ti ògiri. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún mẹ́fà.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn ará àdúgbò ti dẹ́kun pípè é ní Ìyá Dámọ́lá. Kò sẹ́ni tó pèpàdé lórí rẹ̀. Ó kàn yí padà lẹ́nu gbogbo wa, ó di Ìyá Ìyìn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì jẹ́ mi.

Nígbà tó yá, ó ní kí n mú ìwé náà wá. Mo fẹ́ kọ ọ́ tuntun sórí bébà mìíràn. Ó kọ̀.

"Ẹ má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹ fa ìlà kan péré gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹni tó bá ń kà á ṣì lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Mo fa ìlà. Bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì, ohun gbogbo tó jẹ́ ti Dámọ́lá, mo kọ ọ́ fún Ìyìnolúwa. Ó ní kí n fi àpò irinṣẹ́ Dámọ́lá kún un. Mo ní kí ni Ìyìn fẹ́ fi irinṣẹ́ iná mànàmáná ṣe. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Ìyìnolúwa. Ó mọ aṣọ rán, ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ ti pọ̀ ju àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún wọn lọ ní Mayfair, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì fẹ́ràn aṣọ tí wọ́n ti rán tán. Ọdún 2019 ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọbìnrin lọ sí orílẹ̀-èdè Oman láti lọ máa tọ́jú ilé fún àwọn ọlọ́rọ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ó sì le láti wò.

"Ẹ dìde, Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Ìyìn ń wí, òun náà ti kúnlẹ̀. "Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ kọ fún mi yẹn, kí ni mo fẹ́ máa fi rán? Ta ló ń gbé aṣọ wá? Ọdún méjì péré ni. Bí mo bá dé, màá ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Ó lọ. Ọjọọjọ́ Ìsinmi ló ń pe ìyá rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń sọ nípa ilé ńlá tó wà, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Wọ́n ti gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Kì í sùn tó. Nígbà kọ̀rónà, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yá ti ẹlòmíràn pe ilé. Ìyá rẹ̀ tẹ ohùn síta kí èmi náà lè gbọ́.

"Màmá, wọ́n fẹ́ gbé wa lọ sí ilé mìíràn. Mi ò mọ ibẹ̀. Ẹ má yí nọ́ńbà yín padà o. Nọ́ńbà yín nìkan ló wà lórí mi, mi ò mọ ti ẹnikẹ́ni mọ́."

"Mi ò ní yí i. Ìyìn, ṣé o ń jẹun?"

Fóònù ti já. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí a gbọ́ ohùn rẹ̀.

A wá a. Fóònù ọkùnrin tó kó wọn lọ kò wọlé mọ́, àwọn mìíràn ti ń gbé ilé rẹ̀. Èmi àti Ìyá Ìyìn wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Òṣogbo, wọ́n kọ orúkọ Ìyìn sínú ìwé ńlá kan, wọ́n ní ká máa lọ. Ìgbà tí a padà lọ, wọ́n ní wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Ìgbà tí a tún lọ, ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò níbẹ̀, wọ́n tún orúkọ rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sùmáyà ọmọ mi gbé àwòrán rẹ̀ sórí ayélujára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣàdúrà sábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìyìn mú ìwé náà wá bá mi fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀.

"Bàbá Sùmáyà, ẹni tí a ò mọ̀ bóyá ó wà láyé, ṣé ó lè jogún?"

"Òfin ní ká dúró fún ọdún méje," mo ní, "kí a tó lè sọ pé ó ti kú."

"Ọkàn mi ò ní ọdún méje."

Ó ká ìwé náà, ó lọ. N kò kọ nǹkan kan sí i lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọdún 2023, Bàbá Adéagbo tó ni ilé kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n wá bá Ìyá Ìyìn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ wó inú ilé náà, kí àwọn sọ ọ́ di yàrá kéékèèké tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta. Ó wá ilé títí, kò rí èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ọmọ́ṣaléwá àbúrò rẹ̀ ní kó máa bọ̀ ní Ẹdúnabọ̀n, kó wá bá òun nínú yàrá òun. Yàrá kan ṣoṣo ni Ọmọ́ṣaléwá ní, nínú ilé ẹbí wọn, àwọn àpò gaàrí tó ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn ló sì gba ìdajì rẹ̀.

Bó ṣe di pé Ìyá Ìyìn ń pín ẹrù rẹ̀ lójú ara rẹ̀ nìyẹn, ó dúró láàárín rẹ̀. Mo bá a ránṣẹ́ káàkiri àdúgbò. Mo rò pé àwọn èèyàn á dù ú. Àwọn ìyàwó ilé wá, wọ́n wò ó, wọ́n gbé abọ́ tánganran sókè wò nísàlẹ̀, wọ́n dúpẹ́. "Màmá, àyè ò sí nílé wa." "Màmá, ike là ń lò báyìí, ìyẹn wúwo." Ọmọbìnrin kan ya fọ́tò kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní òun máa bi ọkọ òun, kò padà wá. Fìríìjì kò tutù mọ́ láti ọdún méjì. Àwọn ará ìjọ gbé ìkòkò ńlá lọ, mo sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n ní irú rẹ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Fóòmù Dámọ́lá, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bàbá Adéagbo la gbé e lọ sẹ́yìn ilé, sí ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Ìyá Ìyìn rí wa láti ojú fèrèsé.

Ti bẹ́ẹ̀dì ló burú jù. Nígbà tí a tú u, kòkòrò ti jẹ inú igi náà, ìyẹ̀fun funfun ń dà jáde nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí a ti ń gbé e. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì lójú ọ̀nà ló kó o, ó ní òun lè fi í dáná.

"Ìrókò ni," Ìyá Ìyìn sọ fún un.

"Ẹ ṣé, Màmá," ọkùnrin náà ní, ó sì ń dì í.

Èmi mú abọ́ tánganran mẹ́fà, kí ó lè rí i pé ẹnìkan gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Ìyàwó mi kó wọn sókè kọ́bọ́ọ̀dù wa. A kò tíì fi wọ́n jẹun rí. Ohun tí Ìyá Ìyìn kó lọ sí Ẹdúnabọ̀n ni ẹ̀rọ ìránṣọ, àpótí aṣọ, àpò irinṣẹ́ Dámọ́lá, aago ara ògiri, àti fóònù rẹ̀. Níbẹ̀, Màmá nìkan ni wọ́n ń pè é. Wọn kò fi orúkọ ọmọ kankan kún un.

Fóònù yẹn kì í kúrò lára rẹ̀. Bí iná kò bá sí, ó máa ń san fún ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kó bá a gba iná sí i. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn so nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́ láìnì fóònù wọn, òun kò tíì ní nọ́ńbà yẹn rárá. Mo wá sí Ẹdúnabọ̀n, mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é. A tò láti àárọ̀. Nígbà tó kàn án, ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán ní kó gbé ìka rẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kò rí nǹkan kan. Wọ́n fi aṣọ tútù nu ọwọ́ rẹ̀, kò rí i. Wọ́n ní kó lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó fi òróró pa á. Kò rí i. Ọmọbìnrin náà yí ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó.

"Màmá, irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe? Kò sí ìlà kankan lórí ìka yín."

"Oúnjẹ ni mo ń sè," ó ní.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ. Ní ìgbà kẹta wọ́n ní kó lọ sí Òṣogbo, pé wọ́n lè ṣe é lọ́nà mìíràn níbẹ̀. Nígbà náà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́, kò sì lè jókòó sínú mọ́tò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó má máa mí bí ẹni tó sáré. A ní ká jẹ́ kó fúyẹ́ díẹ̀. Kò fúyẹ́. Ọjọ́ tí ìjọba dá pé, wọ́n ti láìnì rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń gba iná sí fóònù náà, ó sì ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ bó bá fẹ́ sùn.

Ó tó bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn kí Ọmọ́ṣaléwá tó dán an wò. Ó fi fóònù tirẹ̀ pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dún. Ọkùnrin kan gbé e, ó ń sọ èdè Haúsá. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà. Ọmọ́ṣaléwá yára pa á. Nígbà tí mo wá kí wọn, ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó sọ ọ́ fún mi, ó ní òun kò jẹ́ kí Àǹtí òun mọ̀. A padà wọ yàrá. Ìyá Ìyìn fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ó ń wo òkè.

"Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà," ó ní. "Yàrá kan náà ni gbogbo wa wà."

Lọ́jọ́ yẹn ló ní kí n mú bébà jáde. Ìgbà ọyẹ́ ni, ètè gbogbo wa ti bó. Mo jókòó sórí àpò gaàrí kan, mo fi ìwé náà lé orúnkún. Ìwé ti àkọ́kọ́ ti ya lójú ibi tí a máa ń ká a sí, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ tuntun, kò sì kọ̀ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Kò gùn. Aago ara ògiri àti ìró méjì, fún Ọmọ́ṣaléwá. Àpò irinṣẹ́, ó ní kí wọ́n fún ọmọ èyíkéyìí tó bá ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Ẹdúnabọ̀n, òun kò ní kí wọ́n wá orúkọ. Aṣọ sányán inú àpótí, ó ní kí wọ́n fi sin òun.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ńkọ́?" mo bi í.

Ọmọ́ṣaléwá ti sọ̀rọ̀ kí ó tó dáhùn. "Àǹtí mi, ẹ má fún mi o. Mi ò mọ aṣọ rán, ẹ sì rí bí yàrá ṣe rí."

"Mi ò fẹ́ fún ẹ."

"Orúkọ ta ni kí n kọ síbẹ̀?"

Ó pa ojú dé. Mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Ọ̀kadà kan kọjá lójú ọ̀nà, eruku rẹ̀ wọlé bá wa. Mo ń wo bírò ọwọ́ mi. Mo mọ orúkọ tó fẹ́ kí n kọ, mo sì mọ̀ pé kò lè sọ ọ́ jáde. Bó bá sọ ọ́, ẹ̀rọ náà á máa dúró de ẹni tí kò ní wá. Bó bá sọ ti ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ ló sin Ìyìn.

"Ẹ fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀," ó ní, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídé.

Mo kọ "ẹ̀rọ ìránṣọ kan, fún", mo sì fi ìyókù ìlà náà sílẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún tó kọjá ló kú, ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí Ọmọ́ṣaléwá lọ pọn omi. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n fi sányán náà sin ín gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Àwa tó tẹ̀lé e kò pọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo ka ìwé náà fún àwọn ẹbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi àyè tó ṣófo, àgbàlagbà kan láàárín wọn bi mí bóyá mo ti gbàgbé láti kọ ọ́ ni. Mo ní n kò gbàgbé. Kò bi mí sí i mọ́, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àga tí wọ́n yá wá.

Ẹ̀rọ náà wà nínú yàrá Ọmọ́ṣaléwá títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Gaàrí pọ̀, ó sì ní láti kó àwọn àpò rẹ̀ kúrò níbi tí òrùlé ti ń jò. Mo kọjá níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, lójú ọ̀nà mi sí Ìbàdàn. Ẹ̀rọ náà ti wà níta, lábẹ́ igi ọ̀pẹ kan. Ọmọ́ṣaléwá fi ọ̀rá bò ó, ó fi òkúta méjì tẹ̀ ẹ́. Ó rí mi tí mo ń wò ó. A kí ara wa, ó bi mí nípa Sùmáyà, mo ní àlàáfíà ló wà, mo sì wọ mọ́tò.